Pikọ́ọ̀pù Tó Ń Ju Ìdí: Àkọsílẹ̀ Táyà Tí A Ṣì Yàn

Pikọ́ọ̀pù tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀ fàájì. Ọkọ̀ iṣẹ́ ni. Dísẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu, táyà kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, kì í ṣe oníbejì. Ẹni tó ni ín ń fi í kó irinṣẹ́ ìkọ́lé, ó sì máa ń so tírélà mọ́ ọn nídìí. Orí tírélà yẹn ni katapílà kékeré tó fi ń gbẹ́lẹ̀ máa ń wà. Bàbá kan tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ẹrù tipẹ́tipẹ́ ló ń bá a wà á. Bàbá ni mo máa pè wọ́n títí tí ọ̀rọ̀ yìí á fi parí, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì máa jẹ́ ọlọ́kọ̀.

Táyà ni iṣẹ́ tèmi. Mo ń tú u, mo ń dè é, mo ń bálàǹsì rẹ̀. Àárín ìtàn ni mo wọlé, n kò sì ní fi ibi tí mo ti ṣìṣe pamọ́.

Táyà tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ ni LT245/75R17: 245 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà, 75 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 17 sì ni ríìmù rẹ̀ ní íǹṣì. Nígbà tí wọ́n jẹ dé ìlà kékeré tó wà nínú ihò àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, tó túmọ̀ sí pé 1.6 mm péré ló kù, ọlọ́kọ̀ lọ ra òmíràn. Èmi kọ́ ni mo tà á fún un. 265/70R17 ló rà, 115T ni wọ́n kọ tẹ̀lé e. Ìdí mẹ́ta ló ní, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì bọ́gbọ́n mu létí. Èkíní, 265 fẹ̀ ju 245 lọ, ó sì gbà pé èyí tó bá fẹ̀ ló ń gbé ẹrù jù. Èkejì, táyà àtijọ́ le bí igi nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, kò sí kòtò tí kì í dé ìbàdí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Tuntun yìí rọ̀, kò sì pariwo. Ẹ̀kẹta ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: R ni lẹ́tà tó kẹ́yìn lára táyà àtijọ́ (kì í ṣe R inú R17 o), T ni ti tuntun, T sì ga ju R lọ. Lóòótọ́ ló ga jù ú lọ. Eré ni lẹ́tà yẹn ń sọ: 170 kìlómítà ní wákàtí kan fún R, 190 fún T. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹrù.

Táyà náà wọ ara ọkọ̀ wẹ́kú. Tí ẹ bá ṣírò gíga wọn, 245/75R17 jẹ́ nǹkan bíi 799 mm láti òkè délẹ̀, 265/70R17 sì jẹ́ 803. Ojú wo ló máa rí mílímítà mẹ́rin? Kò ha ara, kò gbá ibì kankan, ohun tó ń ka eré níwájú awakọ̀ kò sì yí padà. Ká ní ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, bóyá ẹnìkan ì bá ti béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní atẹ́gùn 40 psi (psi la fi ń wọn bí atẹ́gùn inú táyà ṣe le tó), wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ̀ ṣófo, gbogbo èèyàn ń yin táyà. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n kó irinṣẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n so tírélà mọ́ ọn. Bàbá dé, wọ́n ní ìdí ọkọ̀ ń jù. Wọ́n ní tí eré àwọn bá ti kọjá 80, tí ọkọ̀ ńlá kan bá fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, ìdí á fì sósì, á fì sọ́tùn-ún, ó di ìgbà tó bá wù ú kó tó balẹ̀. Wọ́n fi ọrùn ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wa, bí ẹni tó ru omi láìní òṣùká.

Àláímẹ́ǹtì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ṣe. Kò sí ohun tó yẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ̀ ṣófo, kò sí tírélà nídìí rẹ̀. Mo wà á lọ, mo wà á bọ̀, ó ń lọ geere. Mo tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo bálàǹsì wọn, ọ̀kan fi gíráàmù díẹ̀ yẹ̀, mo lẹ òjé mọ́ ọn, mo ní ó ti parí. N kò béèrè ohun tí ọkọ̀ náà ń gbé. N kò ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ láti ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó rẹ̀. Ẹ̀rọ bálàǹsì ló wà níwájú mi, ọ̀rọ̀ bálàǹsì náà ni mo rí.

Ó tún jù. Mẹkáníìkì kan ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti kú, wọ́n pààrọ̀ méjèèjì. Ó dín díẹ̀, kò tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnìkan dábàá pé kí wọ́n fi atẹ́gùn kún táyà ẹ̀yìn. Títí dòní a kò mọ ẹni náà, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ gbà pé òun ni. Wọ́n gbé e dé 50 psi. Ìjù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró. Inú wọn dùn. Ọlọ́kọ̀ tilẹ̀ pè mí pé, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, atẹ́gùn lásán ló ń fìyà jẹ wá láti ọjọ́ yìí."

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí, ibí ni kí ẹ ti dúró díẹ̀, torí ibí ló ti léwu jù. Ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn kọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má fún un ju 44 psi lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irú táyà báyìí, nǹkan bíi 36 psi ló ti gbé ẹrù rẹ̀ dópin. Gbogbo ohun tí a bá fẹ́ sí i lẹ́yìn ìyẹn lè mú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, kí ìdí ọkọ̀ má fì mọ́, ṣùgbọ́n kò fi kílò kan ṣoṣo kún ohun tó lè gbé. Àwọn èèyàn wa pa ariwo, wọ́n ṣe bí ẹni pé wọ́n ti pa àrùn. Bí táyà sì ṣe ń yí, ibi tó bá kanlẹ̀ máa ń tẹ̀, á sì tún nà. Táyà tó ga tó báyìí ń yí tó nǹkan bí ìgbà 400 nínú kìlómítà kan. Títẹ̀ àti nínà yẹn ló ń bí ooru, ẹrù tó bá pọ̀jù ń mú kó tẹ̀ jù, ooru tó bá pọ̀jù sì ń tú rọ́bà kúrò lára wáyà irin tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kò ní rí i níta. Inú ló ti ń jẹ wá.

Ìrìn àjò kẹta lẹ́yìn náà ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, títì gbóná. Bàbá ní ohun tí àwọn kọ́kọ́ gbọ́ ni pà-pà-pà lápá òsì lẹ́yìn, bí ẹni ń fi bàtà gbá ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tó fi di gbà-gbà-gbà. Àtẹ́lẹsẹ̀ táyà ti ń bó kúrò lára rẹ̀, ó ń na irin tó wà lókè rẹ̀ bí ẹni na aṣọ òfì, kó tó wá bẹ́. Bàbá kò tẹ bíréèkì. Wọ́n di ìdarí ọkọ̀ mú, wọ́n ká ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí ọkọ̀ fi ń sáré, wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ àti tírélà rọlẹ̀ fúnra wọn títí wọ́n fi rọra yà sẹ́bàá títì. Kò sí ẹni tó farapa. Ká ní wọ́n ti bẹ̀rù, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bíréèkì, tírélà tó wúwo tó yẹn ì bá ti tì wọ́n dábùú títì.

Wọ́n sọ sípéà kalẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n dè é, wọ́n fi eré jẹ́jẹ́ gbé ọkọ̀ wálé. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ohun tí Bàbá sọ kì í ṣe ti ìbẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti de sípéà yẹn, apá òsì ti dúró bó ṣe máa ń dúró láyé ọjọ́un. Ọ̀tún ló kù tó ń rọ̀ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Sípéà náà ni ọ̀kan ṣoṣo tó kù nínú táyà tó bá ọkọ̀ wá. Kò kanlẹ̀ rí láti ọdún yìí wá, abẹ́ ọkọ̀ ló so kọ́ sí, eruku bò ó. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, mo fi àkísà tó tutù nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì kà á sókè: LT245/75R17, 121/118R, LOAD RANGE E. Mo rá kòrò lọ sápá ọ̀tún, mo ka tibẹ̀: 265/70R17, 115T. Kò sí LT níwájú rẹ̀. Kò sí E níbì kankan lára rẹ̀.

LT ń sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ṣe táyà náà fún. 121 jẹ́ 1,450 kílò fún táyà kan tó bá dá dúró, 118 sì jẹ́ 1,320 fún ìgbà tí wọ́n bá so ó ní ìbejì. Lẹ́tà E ń sọ pé 80 psi ni a óò fẹ́ ẹ dé kó tó gbé ẹrù yẹn. 115 tó wà lára tuntun jẹ́ 1,215 kílò. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, tí a bá sì de irú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ìlànà iṣẹ́ ni pé kí a pín kílò rẹ̀ sí 1.10, nítorí ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń jó, ó máa ń fì, kì í dúró jẹ́jẹ́ bí èèyàn tó jókòó sórí àga. Bí ẹ bá pín in, ohun tó kù jẹ́ nǹkan bíi 1,105 kílò.

Ní tèmi, ìṣírò orí ìwé kò tó. Mo ní kí wọ́n di gbogbo ẹrù tí wọ́n máa ń gbé, kí wọ́n so tírélà pẹ̀lú katapílà lórí rẹ̀, kí a gbé ọkọ̀ gun òṣùwọ̀n ńlá, ẹsẹ̀ iwájú lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀. Ọlọ́kọ̀ ní kò yẹ kó le tó báyìí. Mo ní ọjọ́ kan péré ni.

Iwájú wọn 2,060 kílò. Ìyẹn jẹ́ 1,030 fún táyà kan, ìdí sì nìyẹn tí táyà iwájú kò fi sọ nǹkan kan fún wa láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yìn wọn 2,700. Òsì 1,390, ọ̀tún 1,310, nítorí apá òsì ni àpótí irinṣẹ́ tó wúwo jù wà. Táyà tó tọ́ sí 1,105 ni wọ́n ń di 1,390 rù, apá òsì náà ló sì bẹ́. Nígbà tí a ka bébà ara òpó ilẹ̀kùn, gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀ ti wà níbẹ̀ tipẹ́: LT245/75R17, iwájú 60 psi, ẹ̀yìn 80, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ gbé ju 2,760 lọ. Ọkọ̀ náà kò rùjù. Táyà rẹ̀ ló rùjù.

Ẹ jẹ́ ká tún wo tírélà náà. Katapílà àti tírélà jọ wúwo tó 3,400 kílò, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń gun pikọ́ọ̀pù. Ẹnu ìsopọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń tẹ ìdí ọkọ̀, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló sì yẹ kó jẹ́. Tiwọn jẹ́ nǹkan bíi 400. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ máa ń sọ pé, "Tírélà ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, kò kan táyà mi." 400 kílò ló kàn án yẹn.

Ó wá ku ká yan. Ọlọ́kọ̀, tí ara rẹ̀ ti gbóná wàyí, fò lọ sí òdìkejì: ó ní kí n wá LT285/70R17 fún òun, irú ńlá tí wọ́n fi ń wọ ẹrẹ̀, èyí tí kò ní bẹ́ láé. Mo to mẹ́ta kalẹ̀ fún un: LT245/75R17, LT265/70R17, LT285/70R17, mo ní kó ka òǹkà ara wọn fún mi. 121/118. 121/118. 121/118. Ó wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, 1,450 kílò kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé, fífẹ̀ kò fi nǹkan kan kún un. 285 yẹn á wá ga tó 831 mm. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ fún Bàbá pé 100 ni wọ́n ń sá, bíi 104 ni wọ́n ń sá ní tòótọ́. Ẹ́ńjìnnì á máa fi agbára púpọ̀ sí i yí i, táyà iwájú á sì máa ha inú nígbà tí wọ́n bá yí ìdarí ọkọ̀ dé òpin. Ti ẹrẹ̀ tó ń wù ú náà ń hó lórí ọ̀dà, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ di títì mú nígbà òjò. Kìlómítà díẹ̀ tó gbẹ̀yìn nìkan ni ọ̀nà wọn kì í ti í ṣe ọ̀dà, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀. LT245/75R17 E ni a padà sí, onírú tó ń rìn lórí ọ̀dà tó sì lè wọ òkúta. Márùn-ún ni mo ní kó rà, nítorí sípéà tó gbà wọ́n lọ́jọ́ náà ti dàgbà jù láti tún gbẹ́kẹ̀ lé, bí kò tilẹ̀ jẹ rárá.

Táyà dé. Mo yí ẹ̀gbẹ́ wọn wá òǹkà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú DOT, àmì ara táyà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Mẹ́ta jẹ́ 3123, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2023. Méjì jẹ́ 0919. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí wọ́n fi ṣáájú àwọn yòókù jáde láyé, tí wọ́n sì fẹ́ tà wọ́n fún wa bí ọmọ ọjọ́ kan náà. Mo dá méjèèjì padà, wọ́n sì pààrọ̀ wọn láì jiyàn, èyí tó jẹ́ kí n rò pé kì í ṣe àwa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún.

Mo dè wọ́n, iwájú 60, ẹ̀yìn 80, mo lọ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀tún lẹ́yìn ti di 71. N kò fẹ́ gbà á gbọ́. Mo pò ọṣẹ sínú omi, mo dà á sí gbogbo etí ríìmù, kò hó. Mo dà á sí ìdí fáàfù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfófó wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹyin ẹja. Ẹni tó de 265 fún wọn nígbà yẹn ti yọ fáàfù irin tó bá ọkọ̀ wá, ó fi onírọ́bà tí a ń tì bọ ihò sí i. Irú fáàfù rọ́bà yẹn, 65 psi ni òpin rẹ̀. Fún 40 kò burú. Fún 80, ẹ ti rí i. Èmi náà ti fojú fò ó nígbà tí mo ń de táyà, ọwọ́ mi ló sì fi onírọ́bà náà sílẹ̀ níbẹ̀. Mo tú gbogbo rẹ̀ padà, mo fi fáàfù irin oníńọ́ọ̀tì sí i.

Géèjì Bàbá náà dá ọ̀ràn tirẹ̀. 60 ló parí sí. Pẹ̀lú géèjì yẹn, kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ bóyá 70 ló wà nínú táyà tàbí 80, ọkọ̀ náà kò sì ní iná tó ń kìlọ̀ pé atẹ́gùn ti lọ sílẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tó sọ iná yẹn di dandan kò kan ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá ju 4,536 kílò lọ, nítorí náà àwọn pikọ́ọ̀pù kan tó wúwo máa ń jáde láìní in. A wá géèjì tó dé 100 fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà tí táyà ti gbóná, á ga ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú atẹ́gùn sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Lẹ́yìn 80 kìlómítà, wọ́n padà wá kí n tún fún nọ́ọ̀tì wọn. Méjì gbà díẹ̀ sí i.

Láti ìgbà náà, mo ti yí bí mo ṣe ń gba ọkọ̀ padà. Tí pikọ́ọ̀pù bá wọlé, n kì í fọwọ́ kan jáàkì kí n tó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ ka bébà, kí n tó dọ̀bálẹ̀ wo sípéà, kí n tó béèrè ohun tó ń gbé lọ́jọ́ tó bá gbé e jù. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú ẹ̀sùn pé ìdí ń jù, mo máa ń ní kó lọ di ẹrù rẹ̀ wá. Wọ́n máa ń bínú. Ọmọ iṣẹ́ mi ti mọ̀ pé fáàfù rọ́bà kò gbọdọ̀ wọ ríìmù tó bá máa gba 80, inú àpótí ọ̀tọ̀ la sì kó wọn sí báyìí. Tí oníbàárà bá sì ní kí n fi atẹ́gùn kún un kí ọkọ̀ má jù mọ́, mo máa ń wo ohun tó wà lára táyà ná.

Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn tí mo de táyà náà, mo wọn ihò àtẹ́lẹsẹ̀ wọn: iwájú 10.8 mm, ẹ̀yìn 10.3, òsì àti ọ̀tún bára mu. Bàbá mú ìwé kékeré kan jáde láti àpò ilẹ̀kùn, gbogbo Mọ́ńdè ni wọ́n kọ òǹkà sí i, 60, 60, 80, 80, àfi ọ̀sẹ̀ kan tí ìṣó wọ ọ̀kan. Ọlọ́kọ̀ ṣì ń ráhùn pé ọkọ̀ le jù nígbà tó bá ṣófo, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo ní òótọ́ ni, ó le.